Kọ̀ǹpútà kan, ẹni mẹ́ta: bí a ṣe múra ìdíje kóòdù ICPC sílẹ̀

Ẹni mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kan nínú ICPC, ìdíje kóòdù àgbáyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń gbé síwájú wọn. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìbéèrè máa ń tó mẹ́wàá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí fóònù. Ìwé tí ẹ ti tẹ̀ jáde láti ilé nìkan ni ẹ lè gbé wọlé. Ẹ̀rọ adájọ́ ni yóò gba kóòdù yín, yóò sì dán an wò lórí àwọn nọ́ńbà tí ẹ ò lè rí. Ó lè ní òun gbà á, ó lè ní ìdáhùn kò tọ̀nà, ó lè ní kóòdù pẹ́ jù, ó lè ní ó kú lójú ọ̀nà. Kì í sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì nìyí, torí òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé. Iye ìbéèrè tí ẹ yanjú ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ṣe déédéé, wọ́n á wo ìṣẹ́jú ìyà. Ìbéèrè tí ẹ yanjú ní ìṣẹ́jú 35, lẹ́yìn tí ẹ ti fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò gbà á, ìyà rẹ̀ jẹ́ 35 + 20 + 20, ìyẹn 75. Èyí tí ẹ ò bá yanjú rárá, ẹ̀ báà fi í ránṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ìyà kankan.

NgCPC ni ti Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ tó bá ta yọ ti ń lọ bá àwọn ará Íjíbítì, Síríà, Mòrókò àti àwọn yòókù figẹ̀ wọngẹ̀ ní ACPC, ìdíje ti Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá, kó tó wá kan àṣekágbá àgbáyé. Luxor ní Íjíbítì ni wọ́n ti ṣe àṣekágbá méjì pọ̀ lóṣù kẹrin 2024, wọ́n ṣe òmíràn ní Astana lóṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ti 2025 sì wáyé ní Baku. Àwa ò tíì débẹ̀ o. Ibi tí a dé wà nísàlẹ̀.

Àwa mẹ́ta náà rèé. Ẹ̀gbọ́n wà ní ọdún ìkẹyìn ní ẹ̀ka Ìṣirò. Ìbéèrè tó bá ti fara jọ mátíìsì, tirẹ̀ ni. Àbúrò wà ní ọdún kejì, obìnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí kíbọ́ọ̀dù ju ti àwa méjèèjì lọ. Èmi ni mo wà láàárín. C++ la fi ń kọ ohun gbogbo, àfi ìgbà tí nọ́ńbà bá gùn ju èyí tí C++ lè gbé lọ. Python la máa ń sá tọ̀ nígbà náà, torí nọ́ńbà tirẹ̀ kì í kún.

Ìpele 1: irinṣẹ́ àti owó

Láptọ́ọ̀pù Ẹ̀gbọ́n la lò, àlòkù onírántí 4GB, Ubuntu ló wà lórí rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá, bí iná bá ti lọ, òun náà á kú lójú ẹsẹ̀. Fún ìdánrawò wákàtí márùn-ún kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé wa ń mu bíi lítà epo mẹ́ta, ẹni tí ìdánrawò bá bọ́ sí yàrá rẹ̀ ló sì ń ra epo.

Kíbọ́ọ̀dù tòkúnbọ̀ kan tí à ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù, ₦4,500. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí wa lórí èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé níbi ìdíje, kíbọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀ ni ẹ máa lò, kì í ṣe ti láptọ́ọ̀pù yín, ọwọ́ sì máa ń ṣi lórí èyí tí kò bá mọ̀. A tún fẹ́ kí ó rọrùn láti fà á láti iwájú ẹnì kan sí iwájú ẹlòmíràn.

Bébà: ẹ̀yìn hándáùtì àtijọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ìtọ́kasí tí a tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: ₦100 ojú ìwé kan, ojú ìwé 25, ìyẹn ₦2,500, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ohun tí mo máa sọ ní ìpele 5. Dátà: òru la fi ń fa ìbéèrè àtijọ́ wálẹ̀, nígbà tí owó rẹ̀ bá dín kù. Kò sí ohun tí ẹ nílò ju ìyẹn lọ. Àwọn ibi ìdánrawò tí a lò, Codeforces, Kattis àti CSES, kò sí èyí tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ìpele 2: ìdánrawò àkọ́kọ́, àti ibi tí wákàtí márùn-ún gbà

Codeforces ní apá kan tí wọ́n ń pè ní Gym. Ìbéèrè ìdíje ICPC àtẹ̀yìnwá láti ilẹ̀ oríṣiríṣi wà níbẹ̀. Ẹ lè ṣe é bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an lẹ wà: aago á máa lọ, pátákó èsì á sì máa fi àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe é nígbà náà hàn bí wọ́n ṣe ń gòkè, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Ẹ má fi í ṣeré. Ẹ pa fóònù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lọ ra búrẹ́dì.

Ìbéèrè méjì péré la yanjú. Ká ní a ò kọ ohun tó ń lọ sílẹ̀, a ò bá ní ìbéèrè ló le. Ṣùgbọ́n mo ti fa ìlà sórí bébà kan, mo sì ń kọ ẹni tó bá jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù àti ìṣẹ́jú tó dé ibẹ̀:

0–12: kò sẹ́ni. Àwa mẹ́ta dorí kọ ìbéèrè A kan náà.
12–31: Àbúrò, ìbéèrè A. Ó gbà.
31–178: Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè F.
178–190: Àbúrò, ìbéèrè C. Ó gbà.
190–300: Ẹ̀gbọ́n, F lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò gbà.

Ẹ wo C yẹn. Ìṣẹ́jú méjìlá ló gbà. Bébà tó kọ ọ́ sí fi hàn pé ó ti parí rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Ó jókòó tì í fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ó ń wo ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin náà ò rí wọn pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe ni?"

Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ pé kó dìde lórí àga? Mo ti ka ìmọ̀ràn púpọ̀ lórí ìdíje yìí láti ọwọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà àti Póláǹdì, kò sí èyí tó mẹ́nu kan irú ìṣòro yìí. Ó jọ pé tiwọn kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ìpele 3: òfin kíbọ́ọ̀dù

Àtúnṣe àkọ́kọ́: a ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdáhùn máa sọ̀rọ̀ sókè. Kò ṣiṣẹ́. Àbúrò á ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ o," Ẹ̀gbọ́n á ní "mo ti fẹ́ parí, ìṣẹ́jú méjì," ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Àtúnṣe kejì: ogún ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, yíyípo. Èyí tiẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní nǹkan kan láti tẹ̀ á jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù nítorí pé àsìkò rẹ̀ ti tó, ẹni tó ku ìlà mẹ́ta kó parí á dìde.

Èyí tó wá mú gírí nìyí, kò sì yí padà títí dọjọ́ ìdíje:

1. Kò sí bébà, kò sí kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́dọ̀ ti kọ kóòdù rẹ̀ sórí bébà, kó sì ti ka á fún ẹlòmíràn nínú wa. Bí ẹni tó ń gbọ́ ò bá lóye ìlà kan, ìlà yẹn ò tíì ṣetán.

2. Aago ìṣẹ́jú 15. Èmi ni olùṣọ́ aago, torí èmi ni mo wà láàárín. Bí ó bá pé, ẹni tó wà lórí àga á dìde bí ẹlòmíràn bá ní bébà tó ti ṣetán lọ́wọ́. Bí kò bá sí, ó lè máa bá a lọ.

3. Wíwá àṣìṣe kì í ṣe iṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ̀rọ adájọ́ bá kọ kóòdù, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ dìde, ẹ lọ fi bírò wá a lórí bébà. Níbi ìdíje, wọ́n máa ń bá ẹgbẹ́ tẹ kóòdù jáde. Nílé, a ò ní pírínǹtà, a máa ń da kóòdù kọ sórí fóònù ni, ẹni tó ń wá àṣìṣe á lọ ka á ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìkejì. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Aago ni kó máa lé mi dìde, kì í ṣe ẹ̀yin." Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún ń sọ "ẹ jọ̀ọ́ o". "Ó ti pé" nìkan ni mò ń sọ, n kò sì ní láti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

A tún pín kíkà. Àbúrò á bẹ̀rẹ̀ láti A, Ẹ̀gbọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹyìn wá sókè, èmi á mú àárín. Lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta ni à ń kọ: ohun tí wọ́n ń béèrè ní gbólóhùn kan, bí n, ìyẹn iye nǹkan tí ìbéèrè gbé kalẹ̀, ṣe tóbi tó, àti ọgbọ́n tó wá sí wa lọ́kàn. Bí n ṣe tóbi tó yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀rọ adájọ́ lè ṣe ìṣirò kékeré tó bíi mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí n bá jẹ́ 20, ẹ lè dán gbogbo àkójọ wò, wọn ò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ 5,000, n ní ìlọ́po n jẹ́ mílíọ̀nù 25, ó ṣì gba ara. Bí ó bá jẹ́ 200,000, n ní ìlọ́po n di bílíọ̀nù 40. Ẹ wá ọgbọ́n mìíràn.

Ìpele 4: ìbéèrè àwọn ẹ̀rọ àgbàdo

Mo fẹ́ fi ìbéèrè kan hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí òun ló kọ́ wa bí a ṣe ń dán kóòdù wò. Mo yí ìtàn rẹ̀ padà, ìṣirò rẹ̀ ni mi ò yí.

Ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo wà, n ni iye wọn. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń lọ kóńgò kan. Gbogbo wọn lè ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà wo ni wọ́n máa lọ kóńgò K tán, bó bá yá jù lọ? n lè tó 200,000. K àti àsìkò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè tó bílíọ̀nù kan.

Ẹ mú àpẹẹrẹ kékeré: ẹ̀rọ mẹ́ta, 2, 4 àti 5, K sì jẹ́ 8. Bí àsìkò T bá jẹ́ 9, ẹ̀rọ kìíní á ti lọ 4, ìkejì 2, ìkẹta 1, àpapọ̀ 7, kò tó. Bí T bá jẹ́ 10, ó di 5, 2 àti 2, àpapọ̀ 9, ó tó. Ìdáhùn ni 10.

Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé bí T kan bá tó, gbogbo T tó jù ú lọ náà á tó. Nítorí náà, ẹ mú ààlà ìsàlẹ̀ àti ti òkè, ẹ dá a sí méjì, ẹ wo àárín: bó bá tó, òkè wá sí àárín, bí kò bá tó, ìsàlẹ̀ gòkè. Ààlà òkè lè jẹ́ 10¹⁸, bíi ọgọ́ta ìgbà lẹ máa dá a sí méjì. Ọgọ́ta ní ọ̀nà 200,000 jẹ́ mílíọ̀nù 12. Ó rọrùn bí ẹni fẹ́ná kú.

Àbúrò tẹ̀ ẹ́, àpẹẹrẹ inú ìbéèrè gbà, a fi ránṣẹ́. Ìdáhùn kò tọ̀nà.

A lọ sí ìdánwò alágídí. Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyí: ẹ kọ kóòdù kejì tí kò ní ọgbọ́n rárá, tó kàn ń gbìyànjú T = 1, T = 2, T = 3 títí yóò fi tó. Ẹ kọ Python kékeré kan tó ń pèsè nọ́ńbà lóríṣiríṣi. Kí àwọn kóòdù méjèèjì wá dáhùn ìbéèrè kan náà, bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀, ẹ dúró:

for i in $(seq 1 1000); do
  python3 nomba.py $i > in.txt
  ./ogbon < in.txt > o1.txt
  ./agidi < in.txt > o2.txt
  cmp -s o1.txt o2.txt || break
done

Ó lọ láti 1 dé 1000, kò dúró níbì kan. Nomba.py wa kì í pèsè ju ẹ̀rọ márùn-ún lọ. Gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ẹ̀rọ adájọ́ sì ń sọ pé a ò tọ̀nà. A tún fi ránṣẹ́ bí ẹni pé adájọ́ ló sùn. Ìyà ogún ìṣẹ́jú mìíràn.

Bébà ló yọ wá. Ẹ̀gbọ́n mú kóòdù lọ sí kọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò ṣírò àárín àkọ́kọ́. Láàárín 0 sí 10¹⁸, àárín jẹ́ 5 × 10¹⁷. Bí ẹ̀rọ kan bá ń lo ìṣẹ́jú àáyá 1, ó ti lọ kóńgò 5 × 10¹⁷ nìyẹn. Ẹ̀rọ 18 irú rẹ̀ jẹ́ 9 × 10¹⁸. Ẹ̀rọ 19 jẹ́ 9.5 × 10¹⁸. Nọ́ńbà tó tóbi jù tí long long, àpótí nọ́ńbà ńlá inú C++, lè gbà kò kọjá 9,223,372,036,854,775,807. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ó máa ń yí padà di òdì, kóòdù á rí nọ́ńbà tó kéré sí òdo, á ní kò tó, á sì máa gòkè lọ.

A fún un ní ẹ̀rọ 19, gbogbo wọn 1, K = 38. Ìdáhùn tó yẹ ni 2. Kóòdù wa mú nọ́ńbà oníye méjìdínlógún jáde. Pẹ̀lú ẹ̀rọ 18, ó mú 2 jáde wẹ́rẹ́. Ẹ ò rí i pé ìdánwò kékeré ò lè bá a láé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Kí ó dúró lójú ẹsẹ̀ tí iye bá ti tó K:

long long ka = 0;
for (int i = 0; i < n; i++) {
  ka += T / t[i];
  if (ka >= K) return true;
}
return false;

Ó gbà. Láti ọjọ́ náà, ìdánwò wa di oríṣi méjì: alágídí fún nọ́ńbà kékeré, lẹ́yìn náà fáìlì kan tí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ wà ní ibi gíga jù tí ìbéèrè gbà, àti òmíràn tí n pọ̀ ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 1. A ò ní ìdáhùn fún àwọn yẹn láti fi wé e. A kàn ń wò ó bóyá ó jáde ní òdì, bóyá ó pẹ́, bóyá ó kú. Ojú lásán ti tó fún ìyẹn.

Ìpele 5: ìwé ìtọ́kasí

Ojú ìwé 25 la fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹ ka òfin ọdún tí ẹ bá ń lọ, torí ó lè yàtọ̀. Ohun tó wà nínú tiwa: ìlà ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù, àwọn ọgbọ́n kóòdù tí wọ́n ń jẹ́ DSU, BFS, Dijkstra, segment tree, Dinic, KMP, àwọn ìṣirò módúlò, ojú ìwé mẹ́ta lórí igun àti ìlà.

Èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀, owó tó wọ inú omi ni. A da Dinic kọ láti ibì kan, láti 1 ni ó ń ka nọ́ńbà, gbogbo kóòdù tiwa ń kà láti 0. Nínú ìdánrawò, ó bàjẹ́ lójú gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó rántí ìdí rẹ̀. Ìlà tó gùn kọjá ibi tí bébà parí, pírínǹtà gé e kúrò. Nọ́ńbà 1 àti lẹ́tà l jọra bí ìbejì nínú fọ́ǹtì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.

Ìtẹ̀jáde kejì: fọ́ǹtì DejaVu Sans Mono, ìlà kan kì í kọjá lẹ́tà 60. Lókè kóòdù kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta: láti ibo ni ó ti ń kà, bí a ṣe ń pè é, bí n ṣe lè tóbi tó. Kò sì sí kóòdù tó wọlé láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ fi yanjú ìbéèrè kan ní CSES tàbí Kattis. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ láti inú ìwé, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́, ló ń fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, ìwé ìtọ́kasí tí ẹ rà tàbí tí ẹ da kọ lódindi láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kò wúlò tó ìdajì èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, bó tilẹ̀ dára jù ú lọ.

Ìpele 6: ọjọ́ ìdíje

Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń fún yín láyè láti dán kọ̀ǹpútà wò. Ẹ má lo àyè yẹn fún fọ́tò. A fi kóòdù tó ń kú ránṣẹ́, a fi èyí tó pẹ́ jù ránṣẹ́, ká lè mọ bí adájọ́ ṣe ń fèsì. A tẹ ojú ìwé kan jáde láti mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dé ọwọ́ wa. A wò ó bóyá g++ -O2 -std=c++17 -Wall ń ṣiṣẹ́.

A, ìṣẹ́jú 11. Àbúrò. Wọ́n gbé fèrè onírọ́bà aláwọ̀ pupa wá so mọ́ tábìlì wa, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ọjọ́ ìbí. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹ lè fi fèrè orí tábìlì ẹlòmíràn mọ ìbéèrè tó rọrùn.

D, ìṣẹ́jú 24, ìfiránṣẹ́ kan kọ́kọ́ kọ̀: ìdánwò púpọ̀ wà nínú fáìlì kan, àkójọ kò sì di òfo láàárín ìkan sí èkejì.

C, 52. G, 97. Méjèèjì gbà lẹ́ẹ̀kan, bébà ló ṣe gbogbo rẹ̀.

F ló fẹ́ dá wa dúró. A fi ránṣẹ́ ní 118, wọ́n ní ó pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n ló wà lórí àga, mo sì rí i tó gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù padà. Mo ní "tẹ̀ ẹ́ jáde". Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó dìde, Àbúrò jókòó ti B. Nígbà tí bébà dé, àwa méjèèjì kà á ìlà dé ìlà. Ìṣirò inú rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ohun tó ń jẹ àsìkò ni endl, àṣẹ tó ń parí ìlà nínú C++: ìlà 200,000 ló ń tẹ̀ jáde, endl sì ń fipá ti ohun tó kọ jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. A fi '\n' rọ́pò rẹ̀, a sì fi ìlà kan kún òkè kóòdù tó ń mú kí cin, àṣẹ tó ń ka nọ́ńbà wọlé, yára. Kíbọ́ọ̀dù kò sinmi ní gbogbo àkókò yẹn. F gbà ní 151.

Ní wákàtí ìkẹyìn, wọ́n dí pátákó èsì. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà lókè mọ́. B gbà ní 268 lẹ́yìn tí Ẹ̀gbọ́n gba ìṣirò inú rẹ̀ lọ́wọ́ Àbúrò, tó sì dá a padà fún un ní ìlà méje. A gbìyànjú E títí aago fi dún, kò gbà, kò sì ní ìyà.

Ẹ bá wa kà á: 11, 44, 52, 97, 171, 268. Ìbéèrè mẹ́fà, ìyà 643. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn wa gan-an yanjú mẹ́fà bíi tiwa. Ìyà tiwọn fi nǹkan bí ogójì ju tiwa lọ, ìyẹn ìfiránṣẹ́ méjì tí kò gbà. Àyè tó kẹ́yìn láti kọjá sí ìpele tó kàn ló bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ìpele 7: E, àti iṣẹ́ tó kù

Lẹ́yìn ìdíje la yanjú E. Ìlú wà, títì wà láàárín wọn, títì kan ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ agbo mélòó tí kò lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn mọ́ ni ìlú wọ̀nyí pín sí. Níbi ìdíje, à ń kà á tuntun lójoojúmọ́, bílíọ̀nù 40 nìyẹn. DSU mọ bí a ṣe ń so nǹkan pọ̀, kò mọ bí a ṣe ń tú u. Àmọ́ bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìkẹyìn wá sẹ́yìn, títì kò bàjẹ́ mọ́, wọ́n ń la títì tuntun ni. Àbúrò kọ ọ́ ní ìlà 34, ó gbà lẹ́ẹ̀kan. DSU yẹn wà ní ojú ìwé kejì ìwé tó wà níwájú wa láti àárọ̀. A ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí: "bí wọ́n bá ń yọ kúrò, ẹ gbà á láti ẹ̀yìn."

Ohun tó kù kí a tó lọ: ojú ìwé mẹ́ta ti igun àti ìlà, méjì nínú wọn ni a ti dán wò. Pírínǹtà: a fẹ́ yá ọ̀kan fún ìdánrawò, torí kíka kóòdù lórí fóònù kò jọ kíka á lórí bébà. Aago 15 ìṣẹ́jú, Àbúrò ní kí a dín in kù sí 12. Ẹ̀gbọ́n ní kó dúró ní 15. A máa dán méjèèjì wò lórí ìbéèrè ACPC àtijọ́ ní ọjọ́ Sátidé, ẹni tó bá jàre nínú wọn, ìyẹn la máa lò.